Wàrà Inú Fúláàsì

Nínú ilé Ìyá Onísúìtì, afẹ́fẹ́ pàápàá ń dùn. Bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó mí kanlẹ̀, tó sì fi ahọ́n lá ètè, ṣúgà ni yóò bá níbẹ̀. Ṣúgà wà lára gíláàsì fèrèsé, ó wà létí aṣọ ìkélé, ó wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Àwọn èèrà ilé náà kì í sáré kiri bíi ti ilé mìíràn. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń rìn, bí ọlọ́rọ̀ tí kò wá nǹkan kan. Bí ìyá náà bá ti gbé ìkòkò kaná láàárọ̀, ooru funfun kan á bo gbogbo ilé, ojú á máa wúwo, ara á máa rọ̀, débi pé oníbàárà tó wá ra súìtì á jókòó díẹ̀, á sì gbàgbé ibi tó ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Ìyá Onísúìtì ń ro ṣúgà bó ṣe máa ń rò ó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí lórí iná. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń wò.

Ọmọ náà jókòó sídìí tábìlì, ìdajì ẹyin bíbọ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó gé e bíńtín, ó rún un lẹ́nu títí ó fi di omi, ó gbé e mì, ó wá dúró bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Róbótó ni gbogbo àdúgbò ń pè é láti kékeré, nítorí bó ṣe sanra. Ó ti wá rù báyìí tó fẹ́ẹ̀ lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bá a rù. Àwọn dókítà ló fi abẹ gé ikùn rẹ̀ kúrú, kí oúnjẹ má baà rí àyè púpọ̀ níbẹ̀ mọ́. Orúnkún tó ń dùn ún àti ẹnu ayé ló gbé e dé orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ náà. Èwo ló wúwo jù nínú méjèèjì, òun nìkan ló mọ̀.

Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe télọ̀, wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń gba aṣọ iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Bí mo bá tún gé aṣọ yìí," ló wí, "àpò iwájú á pàdé ti ẹ̀yìn, wọ́n á sì kí ara wọn."

Róbótó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ náà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá gáréèjì yóò bá a wọ bọ́ọ̀sì, tí yóò wò ó bóyá ara rẹ̀ ti le tó láti máa gbé ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá wakọ̀ náà lọ tó wà á bọ̀ láyọ̀, bọ́ọ̀sì rẹ̀ á padà sọ́wọ́ rẹ̀. Bí òyì bá kọ́ ọ, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé e fún. Òyì náà sì nìyí tí kò jẹ́ kó sinmi láti ìgbà tó ti tọ́sípítù dé. Òwúrọ̀ kan kì í fẹ́ẹ̀ kọjá kí ó má dé: bó bá ti jẹ ohun tó fẹ́ jẹ, tó mu ohun tó fẹ́ mu, inú rẹ̀ á kọ́kọ́ máa kùn, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì, òógùn tútù á bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á sì sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Bó bá jáde, kò ní í lè ṣe ohun mìíràn ju kó sùn. Lẹ́yìn oorun náà, ọwọ́ rẹ̀ á tún máa gbọ̀n.

"Ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ?" ìyá rẹ̀ béèrè láti ìdí iná. "Tí wọ́n bá gbé e fún ẹyẹ, ẹyẹ á bínú."

"Màmá, bí mo bá yára jẹ ẹ́, ẹ̀yin náà lẹ máa sá wá gbé mi nílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó jẹun ẹ̀ jẹ́jẹ́, Màmá," télọ̀ sọ, kò gbójú sókè. "Bí dókítà ṣe wí nìyẹn."

"Dókítà!" Ìyá Onísúìtì gbé ṣíbí ìròṣúgà sókè. "Ìwọ tó o jẹ́ télọ̀, bí o bá gé aṣọ oníbàárà kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, ṣé o lè gé e padà kó gùn? Ọmọ tí mo bí ní pípé, wọ́n gbé e lọ, wọ́n dá a padà fún mi ní àbọ̀. Torí kí ni? Torí ẹnu àwọn aláìríṣẹ́ṣe."

Télọ̀ tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sọ tirẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó dákẹ́.

Ìyá náà yíjú padà. Ó mú fúláàsì kékeré aláwọ̀ ewé tí ọmọ rẹ̀ máa ń gbé rìn, ó da wàrà gbígbóná sínú rẹ̀. Ó wẹ̀yìn wò. Lẹ́yìn náà ló bu omi ṣúgà olóoru láti inú ìkòkò, ó dà á sínú wàrà náà, ó rò ó. Ó ronú díẹ̀. Ó tún bu òmíràn.

Ẹ má tíì bínú sí i. Ní ọjọ́ kan ní ọ́sípítù, nígbà tí Róbótó ṣubú lulẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ìyá yìí gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan sọ fún ìkejì rẹ̀ pé, "Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló já wálẹ̀." Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀, èyí nìkan ló yé e yékéyéké. Ṣúgà! Ohun tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rò láti ìgbà èwe rẹ̀, ohun tó fi kọ́lé, tó fi rán ọmọ níléèwé. Ohun tó pọ̀ nílé rẹ̀ tí àwọn èèrà fi ń ṣe fàájì, òun náà ni ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò ní lára. Lóòótọ́, wọ́n ní kí ọmọ náà má fẹnu kan ohun dídùn. Ìyá náà gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́kàn tirẹ̀, kí ó má baà sanra padà ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹwà, nítorí ẹnu ayé yẹn náà. Ta ni yóò torí ẹwà jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa dákú? Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀ sínú wàrà. Bí ọmọ náà bá làágùn lónìí, ìyá á fi kún un lọ́la, nítorí ó hàn gbangba lójú tirẹ̀ pé èyí tó fi sí i kò tíì tó.

Róbótó kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ni ahọ́n rẹ̀ kò ti mọ adùn yàtọ̀ sí àìdùn mọ́. Omi lásán a máa dùn lẹ́nu rẹ̀ nígbà mìíràn. Nínú ilé yẹn sì rèé, níbi tí ètè ẹni tó ń sùn pàápàá ti ń dùn.

"Gbé e dání," ìyá wí, ó sì fi fúláàsì náà lé e lọ́wọ́. "Mu ún kí o tó gun ọkọ̀, kí ara rẹ lè gbé e."

"Ẹ ṣé, Màmá mi."

Télọ̀ bá a wọ aṣọ náà, ó fa ọrùn rẹ̀ tọ́, ó sì fi ọwọ́ gbá èjìká rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọn eruku tí kò sí níbẹ̀ kúrò. Róbótó jáde. Ooru ṣúgà bá a dé ẹnu ọ̀nà, ó tú ká sára rẹ̀ nínú oòrùn, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó títí ó fi di bíńtín ní òpin àdúgbò.

Ibi tó ti ń wò ó ni ìyàwó kápẹ́ńtà bá a. Oníbàárà ni obìnrin náà, aládùúgbò sì tún ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe súìtì nìkan ló máa ń wá rà. Ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó.

"Ìyá Onísúìtì, ṣé Róbótó ló kọjá lọ yẹn? Háà! Mo kí i tán kí n tó dá a mọ̀. Ṣé kò sí o? Wọ́n ní ìfun ẹ̀ ni wọ́n kó dànù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn èèyàn ni."

"Àwọn èèyàn náà ló ń sọ ọ́ nígbà tó sanra pé kápẹ́ńtà ọkọ ẹ á rí iṣẹ́ ṣe, torí kò sí àga tó lè gbà á. Ṣé kì í ṣe ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bọ́ súìtì kan, ó sọ ọ́ sẹ́nu. "Àwàdà nìyẹn. Kí ni mo wá sọ báyìí? Mo ní ara ẹ̀ kò le. Wọ́n ní lójoojúmọ́ ni òyì ń kọ́ ọ. Ẹni tí òyì ń kọ́, ẹ bu ṣúgà fún un, ṣebí ilé ṣúgà lẹ wà! Àbí ẹ̀ ń fi ebi pa á kó má baà sanra ni?"

Télọ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni jẹ́jẹ́ náà ní ibi tí í ti í gbóná.

"Ìyàwó kápẹ́ńtà," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn sétí ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣúgà gan-an ni ọ̀tá ẹ̀."

"Ṣúgà kẹ̀?"

"Ṣúgà. Ikùn ẹ̀ ti kéré, kò lè dá nǹkan dúró mọ́. Bí ohun dídùn bá wọ ibẹ̀, gìrì ló máa dà sínú ìfun. Omi ara á sáré lọ bá a, inú á máa run ún, àyà á máa já, òógùn á bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ara á wá máa lé ṣúgà náà. Á lé e, á lé e, á lé e kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí. Ìgbà yẹn ni ti inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, tí ọwọ́ á máa gbọ̀n. Dókítà fi ọwọ́ lé tábìlì, ó ní bó bá wà nídìí ọwọ́ ọkọ̀ nígbà yẹn, ó lè sùn lọ síbẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni pé kò fẹnu kan ohun dídùn kankan. Mo ń ṣọ́ ọ. Ẹyin, ẹran díẹ̀, wàrà. Síbẹ̀ lójoojúmọ́…"

Kò parí rẹ̀. Nǹkan kan ń rùn.

Àwọn méjèèjì yíjú sí ìdí iná. Ìyá Onísúìtì dúró síbẹ̀, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rò ó. Ṣúgà inú ìkòkò ti pọ́n kọjá pípọ́n, ó ti dúdú, èéfín kíkorò sì ń jáde lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú àdúgbò náà kò rí i rí kí ìyá yìí jó ṣúgà.

"Màmá?" télọ̀ pè é.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò pa iná, kò mú gèlè, ó kàn jáde ni.

Ó fẹ́ sáré, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àgbà kò gbọ́. Ó ń rìn bí ẹni tó ń rìn nínú omi ṣúgà tó fẹ́ẹ̀ dì, ọ̀nà kò kúrú, ilé kò sún sẹ́yìn. Ó kọjá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó rí obìnrin arúgbó kan tí orí rẹ̀ wà lásán nínú dígí, kò sì mọ̀ pé òun ni. Ó kọjá aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, afẹ́fẹ́ ń kún inú àwọn aṣọ náà, wọ́n ń sanra, wọ́n ń rù, wọ́n tún ń sanra. Ó ń gbọ́ tí ẹnì kan ń kí i, kò dáhùn. Róbótó ìgbà kékeré ló ń rí níwájú rẹ̀, tó jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, súìtì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn oníbàárà ń fà á lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rà. "Ọmọ yìí ni pátákó ìpolówó mi," ni ìyá ọmọ náà máa ń wí. Kí ayé tó la ẹnu, òun ni ó kọ́kọ́ gbé e jókòó síta fún wọn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

"Olúwa, jẹ́ kó má tíì mu ún," ló ń wí. "Jẹ́ kó ti dà á nù. Jẹ́ kó gbàgbé ẹ̀."

Bọ́ọ̀sì náà ti dé kí òun tó dé. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, ó wọ́ díẹ̀, bí ọkọ̀ tí wọ́n sáré páàkì. Róbótó jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún, aṣọ tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn pẹ̀lú òógùn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá gáréèjì, ọkùnrin gíga kan tó ń wo ilẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ọ̀nà," ọ̀gá náà kí i. "Òun fúnra ẹ̀ ló dúró. A kò tíì rìn jìnnà, ó ní, 'Ọ̀gá, ó ti ń bọ̀,' ó yà sẹ́bàá títì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó kó o lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mo wà á padà wá. Ẹlòmíràn á máa lọ ni. Mo yìn ín. Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ṣé mo lè kó ọmọ ọlọ́mọ lé e lọ́wọ́?"

Ìyá náà kò wò ó. "Fúláàsì ẹ dà?" ló bi ọmọ rẹ̀.

Róbótó nawọ́ sí i lórí àga awakọ̀. Ìyá rẹ̀ gun ọkọ̀ lọ, ó mú un, ó mì ín. Ó fúyẹ́.

"Ṣúgà ló wà nínú ẹ̀," ló wí.

Níbì kan lẹ́yìn gáréèjì, ẹnì kan ń fi omi fọ táyà, omi náà ń dún wẹ́ẹ́-wẹ́ẹ́.

"Ẹ ní kí ni, Màmá?"

"Èmi ni mo fi sí i. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì pé ṣúgà rẹ já wálẹ̀. Mo ní kí n gbé e sókè fún ọ."

"Lónìí?"

Ìyá rẹ̀ ń yí ìdérí fúláàsì náà lọ́wọ́.

"Màmá, mo ní ṣé lónìí nìkan ni?"

"Lójoojúmọ́."

Róbótó gbé orí sókè, ó wo ìyá rẹ̀. Ìwò náà pẹ́. Ìyá náà ìbá yàn kó bú òun, kó pariwo, kó pe gbogbo gáréèjì jọ, ju kó wo òun bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ náà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tó ń sọ àlá rẹ̀.

"Mo rò pé mo ń kú ni. Mo ní bóyá ibi tí wọ́n gé ti ya nínú mi. Gbogbo alẹ́ tí ọkọ mi bá ti sùn ni mo ń dágbére fún un. Kò mọ̀. Mo ń wò ó, mo sì ń dágbére fún un. Ṣúgà ni?"

"Ṣúgà ni, ọmọ mi."

"Ẹ̀ bá bi mí, Màmá. Mo wà nílé. Ẹ̀ bá kàn bi mí."

Ọ̀gá gáréèjì gbá kọ́kọ́rọ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó húkọ́ tí kì í ṣe ikọ́. "Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ló yẹ," ló wí. "Máa lọ sílé. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí òyì kò kọ́ ọ, padà wá, a ó tún jọ gùn ún. Mi ò tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n má gbé fúláàsì yẹn wá o." Ó retí kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Róbótó gba fúláàsì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó da ìyókù wàrà náà sórí ilẹ̀. Wọ́n kò tíì dé ẹnu géètì tí èèrà fi débẹ̀.

Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Ìyá wà lẹ́yìn, ọmọ wà níwájú, àwọn tó ń kí wọn lọ́nà rò pé ìjà ni, wọ́n sì rọra ń yà fún wọn. Nílé, télọ̀ ti pa iná, ó ti gbé ìkòkò tó jó síta, ó ti ṣí gbogbo fèrèsé tó ń lẹ̀. Ìyàwó kápẹ́ńtà ṣì wà níbẹ̀. Ó wo ojú ìyá, ó wo ti ọmọ, ó gbé súìtì rẹ̀, ó lọ. Kò sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ba gbogbo wọn ju bó bá sọ̀rọ̀ lọ.

Róbótó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Télọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e, kò tẹ̀ ẹ́. Ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀ títí. "Màmá," ló wí, kò sì rí nǹkan mìíràn fi kún un. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n lára ògiri bíi ṣúgà tó jinná, Róbótó fọ fúláàsì náà. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Ó lọ pọn omi sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó gbé e wá síwájú ìyá rẹ̀, tó jókòó lórí àpótí bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Ẹ tọ́ ọ wò, Màmá. Ṣé ó dùn?"

Ìyá gba ife náà. Ó mu ún, ó dá a dúró lórí ahọ́n bó ṣe máa ń ṣe fún ṣúgà tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó. Ó gbé e mì. Ó tún mu òmíràn. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

"Ẹ ò mọ̀ kẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Ó ń dùn. Gbogbo nǹkan ló ń dùn lẹ́nu mi. Mi ò mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀." Ẹkún gbà á. Ó sunkún bí ọmọdé, ó di ife náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omi tó kù nínú rẹ̀ ń mì.

Róbótó kò tù ú nínú. Kò sì kúrò níwájú rẹ̀. Ó gba ife náà, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Télọ̀ tọ́ ọ wò.

"Omi ni," ló wí. "Omi lásán."

Ìgbà náà ni Róbótó tó mu ún, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó jẹ ẹran bíbọ̀ díẹ̀, ó rún un lẹ́nu títí. Lẹ́yìn náà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, wọ́n ń dúró. Atẹ́gùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń gbé òórùn ṣúgà jáde díẹ̀díẹ̀, òórùn àwọn nǹkan mìíràn sì ń wọlé: ti eruku, ti ewé, ti aṣọ tuntun lórí ẹ̀rọ. Télọ̀ ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n. Inú kò kùn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó sáré wọ inú rẹ̀.

Kò pẹ́, orí Róbótó tẹ̀ sí ògiri, ó ti sùn. Ìyá rẹ̀ dìde. Ó rìn jẹ́jẹ́ bí olè nínú ilé ara rẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá ọmọ náà pẹ́, kò mọ̀ bóyá òun ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kàn án. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó tún un nù kí ṣúgà má baà kù lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀. Kò sí òógùn níbẹ̀. Ó gbẹ.